Kurọsófà Bàbá Májẹ́kódùnmí

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìfẹ́ sípíkà ti wọ Adébùsóyè lára. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ kòkó ló ń bójú tó lọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ó ra pákó, ó ra gọ́ọ̀mù, ó sì jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìjọ̀kà, ó kan àpótí sípíkà méjì tó ga ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ìgbà tó kàn wọ́n tán ló tó rí i pé wọn kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́.

Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, wò wọ́n títí. Ó ní, "Bàbá Tiwa, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ń kó kúrò nílé yìí, a ó fi wọ́n sílẹ̀ fún lándílọ́ọ̀dù."

Sípíkà mẹ́ta ló wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan: ńlá nísàlẹ̀ fún ohùn tó ń mi ilẹ̀, ọ̀kan láàárín fún ohùn èèyàn, kékeré lókè fún ohùn tín-ín-rín. Ampilifáyà tí ń gbé ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀, ti àárín yàtọ̀, ti òkè náà yàtọ̀. Ohun tó kù ni kurọsófà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí yóò pín orin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí pé kò sí, gbogbo ohùn ló ń rọ́ lọ sí ibi gbogbo, àwọn sípíkà kékeré òkè sì ń jóná. Òórùn wọn dà bí ìgbà tí irun bá jó. Monílọ́lá ti sáré lọ yọ ẹ̀wà tí kò jóná kúrò lórí iná, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Adébùsóyè gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ nítòsí Ọjà Ọba. Ó gbé kurọsófà tuntun kan tó dáa, wọ́n sọ iye rẹ̀, ó rọra gbé e padà bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Precious, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, wá gbé èyí tí kò wọ́n jáde. Wọ́n so ó mọ́ iná, wọ́n sì fi orin sí i. Adébùsóyè yí nọ́ọ̀bù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin kò yí padà.

"Precious, nọ́ọ̀bù yìí kò ṣe nǹkan kan."

"Ó ń ṣe é, sà. Inú ló ti ń ṣe é."

"Inú wo?"

"Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Ariwo wo ló wá ń ṣe hùùù yìí, nígbà tí a ti pa orin?"

"Ìyẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́, sà."

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Yọ̀mí, tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn ìjọ, ló wá sọ fún un pé Bàbá kan wà ní Oǹdó, Bàbá Májẹ́kódùnmí, tó ti ṣe olórí akọrin rí, tó ní kurọsófà àtijọ́ kan tó fẹ́ yọ̀ǹda ní pọ́ọ́kú.

Nígbà tí Adébùsóyè dé Oǹdó, ó bá kurọsófà náà lórí tábìlì tirẹ̀ nìkan, aṣọ léèsì funfun bò ó. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Kurọsófà tí ẹ fẹ́ tà ni mo bá wá."

"Ta ló ní mo fẹ́ tà á?" Bàbá fi ìjókòó hàn án. "Ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ ni mò ń wá. Níbo lò ń gbé?"

"Àkúrẹ́ ni, sà."

"Iná tibẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń ṣe ségesège, sà, ṣùgbọ́n mo ní sítébíláísà."

Bàbá mi orí, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún bàbá ìyàwó pé ọkọ ọmọ níṣẹ́ lọ́wọ́. "Ṣé wọ́n ń mutí nílé rẹ?"

"Èmi kì í mutí, sà."

"Kì í ṣe tìrẹ ni mò ń béèrè. Àwọn tó ń wá kí ọ ńkọ́? Ọtí lè dà sí i lára. Kí lo fẹ́ máa fi gbọ́?"

"Orin ìjọ, sà, àti ìròyìn."

"Ìròyìn!" Bàbá fa aṣọ léèsì bo kurọsófà náà kó má baà gbọ́. "Lọ mú ìyàwó rẹ wá."

Monílọ́lá ní òun kò lè lọ tọrọ irin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n sípíkà kékeré mìíràn jó kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó sì wọ bàtà. Wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró lójú ọ̀nà kí wọ́n má baà lọ lọ́wọ́ òfìfo. Bàbá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì kọjú sí obìnrin náà.

"Ṣé inú tìrẹ náà dùn sí i?"

"Bàbá, inú mi á dùn tí òórùn irun jíjó bá kúrò nílé mi."

Bàbá ní òun fẹ́ràn ẹni tó ń sọ òótọ́. Ó ní òun yóò wá wo ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí kí òun tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tó di Sátidé, ó dé. Ó san owó àyè kan fún kurọsófà náà nínú ọkọ̀, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó sì de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ó yẹ abẹ́ tábìlì pálọ̀ wò bóyá èèrà wà níbẹ̀. Ó wo òrùlé bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí Adébùsóyè so wáyà mọ́ ọn, ó sì yọ kásẹ́ẹ̀tì kan lápò: orin ìkórè tí àwọn akọrin rẹ̀ kọ nígbà tó ṣì jẹ́ olórí wọn.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn ńlá dún, fèrèsé gbọ̀n. Ohùn tín-ín-rín ń dán lókè bí abọ́ irin. Ṣùgbọ́n àwọn akọrin fúnra wọn dà bí ẹni tó ń kọrin nínú kànga.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́!" Bàbá ní.

Adébùsóyè tẹ́tí. "Sà, ó jọ pé ti àárín kò dún."

"Àárín wo? Bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń kọ álítò wa kò wúlò ni, wọ́n kàn ń la ẹnu. Tí mo bá ń tẹ dùùrù, dùùrù nìkan ni mo máa ń gbọ́, mo á wá délé, mo á gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i, n kò ní gbọ́ álítò kankan. Èmi náà ni mo lé Mary, olórí wọn, kúrò nínú ẹgbẹ́."

Monílọ́lá sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀bù àárín, tí eruku ti dì mọ́ nídìí.

"Má fọwọ́ kàn án!" Bàbá fò dìde. "Ẹni tó bá mi gbé e kalẹ̀ ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Láti ìgbà náà, n kò yí i rí!"

Monílọ́lá ti yí i. Ohùn àwọn obìnrin náà sì wọlé. Àfi bíi pé wọ́n ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn látọjọ́ yìí, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó máa ṣí i. Ohùn kan ló ṣíwájú wọn, ó nípọn, ó gbóná, ó kún pálọ̀ dé àjà. Bàbá Májẹ́kódùnmí jókòó sórí ampilifáyà. Ampilifáyà ti gbóná, ó tún dìde.

"Mary nìyẹn," ó ní. "Mary ló ń kọrin yẹn."

Ó wá nọ́ńbà rẹ̀ kiri lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ títí ó fi rí i, ó sì pè é. Mary ń ṣòwò ní Ìgbàrà-Òkè báyìí.

"Mary! Mo gbọ́ ọ!"

"Ta nìyẹn? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, n kò gbọ́ yín."

"Májẹ́kódùnmí ni! Mo ní mo gbọ́ ọ!"

"Bàbá, n kò tíì sọ nǹkan kan."

Ó gba àlàyé púpọ̀. Adébùsóyè gba fóònù, ó ṣàlàyé, ó tún dà á rú. Monílọ́lá ló wá sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì yé Mary. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tó wọlé, Bàbá kò mọ bí yóò ṣe dúró. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Jókòó, wá gbọ́ ara rẹ." Wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mary fi ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kẹta, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n tún ibẹ̀ gbé. Wọ́n tún un gbé. Ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre o. Mo ṣì í kọ. Gbogbo ẹsẹ kẹta yẹn ni mo ṣì, mo sì kó àwọn tó kù ṣìnà."

Bàbá wò ó. Àforíjì tó ti kó jọ látàárọ̀ ṣì kún ẹnu rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò dà á sí. Níkẹyìn, ó kàn gbọ́wọ́ sókè bí olórí akọrin.

"Ó dáa. Láti ẹsẹ kẹta."

Mary dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Monílọ́lá gbè é lẹ́yìn. Adébùsóyè fẹ́ gbọ́ wọn dáadáa, ó bá pa gbogbo ẹ̀rọ.