Kíkún Ife, Kíkún Ìkòkò

Èmi ni mo ń tọ́jú táǹkì kẹta níbi iṣẹ́ wa. Òkúta tí wọ́n ti lọ̀ kúnná la ń dà sínú omi kíkan ibẹ̀, kí àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa jẹ ẹ́, kí bàbà inú rẹ̀ lè yọ jáde. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọrin fún wọn. Tí wọ́n bá ń jẹun dáadáa, omi wọn á pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń rí bí omi ewé. Ọ̀gá wa, tí a sọ ní Ìwé-Wí-Pé, ló ní ká dáná sí i, ká tún kó òkúta kún un, kí wọ́n lè yára jẹun. Ni àwọn kòkòrò náà bá ṣíwọ́ jíjẹ.

"Wọ́n ti kú," ó ní. "Ẹ tú wọn dànù."

Mo gbé àpótí ìjókòó mi síwájú ẹ̀rọ tí a fi ń tú omi, mo fìdí lé e. "Mi ò dìde. Èémí ló wọ́n wọn."

"Màmá, ẹ wo míta. Afẹ́fẹ́ inú omi kún dẹ́nu."

"Ọ̀gá mi, ife kún, ìkòkò náà kún. Ẹ wá fi tinú ife pòùngbẹ gbogbo ilé yín ká wò ó."

"Ta ló kọ́ yín nìyẹn?"

"Ẹlẹ́rìndòdò tí mo gbàgbé sínú oòrùn ni. Ó gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sá lọ. Tiyín gbóná, irin àti iyọ̀ inú òkúta tún ti gbàyè nínú ẹ̀. Àyè bíńtín tó kù ni míta ń sọ pé ó kún."

Ọmọ àbúrò mi, tó ń ka míta, fọwọ́ bo ẹ̀rín. "Òótọ́ ni, Ọ̀gá. Bó ṣe kún tó ló ń kà, kì í ka iye afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀."

Ọ̀gá fajú ro. "Ọjọ́ mẹ́ta. Tí kò bá pọ́n, ẹ̀yin àti wọn lẹ jọ ń lọ."

"A jọ wà ńbí ni."

A paná, a bu omi tútù là á, a ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀ gbayawu. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé àpótí mi síbẹ̀:

*Ẹ mí, ọmọ mi, ẹ mí o,*
*Ẹni tó ní ẹ kú ń bọ̀ wá kí yín.*

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀gá wò ó títí. Ó wá rọra bi mí bóyá mo lè dìde báyìí.

Mo ní ó di ìgbà tí orin mi bá parí. Orin náà sì gùn.