Kí Iná Má Baà Febi Sùn

1.

…ìgbà tí èéfín funfun yẹn pọ̀ jù ni Ẹlẹ́ja ṣí ìdérí. Iná bú jáde bí ẹni tí wọ́n ti há mọ́lé tipẹ́.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á.

2.

Ìwé tí Ẹlẹ́ja lẹ̀ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń yan ẹja, èyí tó ń fi hóró igi bọ́ iná fúnra rẹ̀:

YỌ WÁYÀ RẸ̀ LÁRA ÒGIRI KÍ O TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN.
JẸ́ KÓ TUTÙ PÁTÁPÁTÁ.
KÓ EÉRÚ SÍNÚ GARAWA IRIN. KÌ Í ṢE ÀPÒ.
HA Ọ̀RÁ KÚRÒ. TÍ Ọ̀RÁ BÁ GBINÁ, MÁ DA OMI SÍ I. PA ÌDÉRÍ DÉ.
TÍ HÓRÓ IGI BÁ KÚN INÚ IFE TÍ INÁ TI Ń JÓ, KÓ O KÚRÒ. MÁ TÍÌ TANÁ.

Lábẹ́ ẹ̀, pẹ́ńsù:

Màámi, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Àgbà, ìyá Ẹlẹ́ja, ò lè ka lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà òkè yẹn tán. Ó ka ìsàlẹ̀.

3.

Iná kú, ó feérú bojú. Àwọn ẹlòmíì nìyẹn. Nílé ìyá Ìyá Àgbà, iná kì í kú. Bí wọ́n bá ti sè tán, wọn a feérú bo ẹ̀yinná, wọn a wá fi ẹ̀ẹ́rún igi díẹ̀ lé e lórí.

"Àlejò ni iná," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí. "Àlejò kì í febi sùn nílé wa."

Wọ́n ní iná inú ẹ̀rọ ń kú lálaalẹ́. Ìyá Àgbà ò gbà.

4.

Ẹ̀kúnwọ́ hóró igi kan péré ló máa ń bù fún un. Tí Ẹlẹ́ja bá ti nu ẹ̀rọ tán, tó bá ti wọlé lọ wẹ̀.

5.

ẸLẸ́JA: Wáyà, ẹ̀rọ yìí tún ti pọ hóró igi sínú ife. Àràárọ̀ ni mò ń kó o.

WÁYÀ, àbúrò rẹ̀: Mo ti tún irin tó ń ti hóró igi wọlé ṣe.

ẸLẸ́JA: Bó o ṣe tún fáànù mi ṣe, tó wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògiri?

WÁYÀ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ kì í ya wèrè.

ẸLẸ́JA: Ìwọ lo ya á nìyẹn.

ÌYÁ ÀGBÀ (ó ń rẹ́rìn-ín): Ẹ jẹ́ kó jẹun, ẹ̀yin ahun.

6.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí iná bú jáde, yìnyín ti yọ́ lára ẹja. Ẹlẹ́ja ń sáré. Kò wo inú ife.

7.

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ Ẹlẹ́ja tẹ̀ sórí fóònù gbogbo ẹbí:

Kí Wáyà má tẹsẹ̀ bọ ọgbà mi mọ́. Àtúnṣe ọwọ́ ẹ̀ ló sun ojú ìyàwó mi. Tí kò bá ríran mọ́, ẹ má bẹ̀ mí.

8.

Ilé ìwòsàn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Lọ́la la máa tú báńdéèjì yẹn. Ìgbà yẹn la máa mọ̀.

ẸLẸ́JA: Màámi, ṣé Wáyà wà níbí?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó wà ní géètì. Wọn ò jẹ́ kó wọlé.

ẸLẸ́JA: Kó máa lọ. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Kí ni mo fi ṣe é, Màámi?

9.

Ohùn Wáyà, lórí fóònù Ìyá Àgbà:

"Màámi, mo tú irin yẹn palẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é. Ẹ bá mi sọ fún wọn. Tiyín nìkan ni wọ́n máa gbọ́."

Ó gbọ́ ọ. Ó tún un gbọ́.

10.

Ó lọ síbi ẹ̀rọ. Ó yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ kan irin: ó tutù. Ó gbọ́n eérú sínú garawa, ó ha ọ̀rá tó ti jóná mọ́ páànù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú ife títí ó fi mọ́ fo.

Ó gbójú sókè.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́.

11.

Ohùn tí Ìyá Àgbà ń gbà sílẹ̀ fún Ẹlẹ́ja:

"Ọmọ mi. Iná yẹn. Kì í ṣe Wáyà…"

(búrọ́ọ̀ṣì já bọ́)

"…kì í ṣe…"

12.

Ọwọ́ òsì ló fi di fóònù mú. Kò tíì fi í ránṣẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ti wà nínú àpò hóró igi. Ó ti bu ẹ̀kúnwọ́.