Òǹtẹ̀ Ọwọ́ Ẹlòmíràn

Ní ilé-iṣẹ́ ìlagi kan l'Ókè-Ìlá, l'Ádó, ẹnikẹ́ni kì í lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà ara rẹ̀. Òfin Mánéjà ni. Akọ̀wé méjì, Ọmọ́níyì àti Bámidélé, ló kọjú síra wọn nídìí òǹtẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, èkejì ni yóò lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni wọn yóò sì ti ka oṣù kan gbáko kó tó lè lọ.

Lọ́dún 1978, àwọn méjèèjì jọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba l'Ákúrẹ́. Bámidélé ni wọ́n mú. Ọmọ́níyì bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ta ló kọ́ Bámidélé ní ìṣirò? Ta ló yá a ní ṣòkòtò tó wọ̀ lọ?

Ọjọ́ tí oṣù keje parí ni Bámidélé kọ̀wé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń retí rẹ̀ l'Ákúrẹ́. Ọmọ́níyì gba ìwé náà, ó tì í sábẹ́ ìwé ìròyìn. Ó di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ kó tó yọ ọ́ níṣojú Bámidélé, ó wá lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí i.

Bámidélé bẹ̀bẹ̀ títí. Mánéjà ní òǹtẹ̀ lòun mọ̀. Àwọn ará Àkúrẹ́ náà kò dúró dè é. Ó fa ìwé rẹ̀ padà, ó jókòó sídìí iṣẹ́, Ọmọ́níyì sì ń súfèé káàkiri.

Àfi bí lẹ́tà Àkúrẹ́ ṣe dé bá Ọmọ́níyì lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án: òun ló tẹ̀lé Bámidélé nínú ìdánwò, kó wá wọṣẹ́ lọ́jọ́ kejì oṣù kẹwàá. Ó fi ìka ka ọjọ́. Bí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ lónìí, ó bá a. Bó bá di ọ̀la, ó bọ́.

Ó kọ̀wé, ó lọ dúró níwájú Bámidélé. Ó na ìwé náà sí i.

Bámidélé kà á tán. "Níyì, ṣé abẹ́ ìwé ìròyìn ni kí n fi í sí?"



Bámidélé tẹ òǹtẹ̀ mọ́ íǹkì, ó lù ú. Ọjọ́ náà hàn kedere. "Ó ku oṣù kan," ló wí. "Jókòó, ká ṣiṣẹ́."

Ọmọ́níyì jókòó. Iṣẹ́ Àkúrẹ́ ti di tirẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ Bámidélé ló ń wò, owú ọwọ́ tí kò gbẹ̀san náà sì ń jẹ ẹ́ nínú. Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni yóò fi máa wò ó.