Etí Òsì Iná-Omi

Iná-Omi ni wọ́n ń pè é ní èbúté, torí pé abẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà. Bí abẹ́ ọkọ̀ ojú omi bá lu, òun ni wọ́n ń pè.

Lọ́dọọdún, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ àwọn òmùwẹ̀ wò kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà tan iná wo etí òsì rẹ̀ títí.

"Ṣé ó máa ń pariwo, mà?"

Irọ́ ti dé ètè Iná-Omi. Àmọ́ ó rántí ọjọ́ tí òòyì kọ́ ọ nísàlẹ̀, tí kò mọ ibi tí òkè wà mọ́.

"Ó ń hó bí omi gbígbóná."

"Awọ inú ẹ̀ ló ya díẹ̀. Mi ò ní lè fọwọ́ sí ìwé yín, mà. Ẹ jẹ́ kó jinná ná. Omi ìwẹ̀ pàápàá ò gbọdọ̀ kàn án."

Kó tó délé, ọ̀gá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù. "Àǹtí, mo mọ dókítà kan tí kì í yẹ etí wò. Ẹ lọ bá a, ọkọ̀ ń dúró."

"Ọ̀gá, ṣé etí tiyín ni?"

"Ẹlòmíì á gbaṣẹ́ yín o!"

"Kó gbà á. Màá gbà á padà."

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, rán fìlà ọ̀rá fún un tó máa ń dé wẹ̀. Ọkọ náà ní ìyàwó òun jọ búrẹ́dì inú ọ̀rá. Iná-Omi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò jókòó sílé. Ó ń lọ sí èbúté láràárọ̀, ó ń ṣọ́ rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹni tó gbaṣẹ́ rẹ̀ bá wọ omi, á dùn ún wọ eegun, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára rọ́bà. Nírọ̀lẹ́, á máa sáré gun àtẹ̀gùn ilé wọn kí èémí rẹ̀ má bàa kúrú.

Nígbà tó kọ́kọ́ padà sílé ìwòsàn, dókítà mirí pé kò tíì jinná. Iná-Omi sunkún díẹ̀ nínú ọgbà ibẹ̀, ó nujú, ó gba èbúté lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún padà lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ dán etí náà wò, wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà tún yọjú wo inú etí náà, ó sì fa bírò yọ.

"Ó ti jinná, mà. Àmọ́ ẹ rọra máa sọ̀kalẹ̀ o. Bó bá ti dùn yín, ẹ gòkè."

"Ẹ ṣé, dókítà. Màá gòkè."

Ó gba èbúté lọ tààrà, ó na ìwé àṣẹ tuntun náà sí ọ̀gá rẹ̀.

"Iṣẹ́ mi dà?"