Ẹ̀jẹ̀ Kẹtàdínlógún

"Yọ ọ́ kúrò," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀jẹ̀ kẹtàdínlógún yìí fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́."

Dókítà Eku dúró sẹ́yìn àga ọ̀gá rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin náà nílé nìyẹn, nítorí pé láti ìgbà tó ti gboyè dókítà, eku ló ń tọ́jú, kò tíì tọ́jú ènìyàn kankan. Àwọn eku náà kò sì kúkú sàn lọ́wọ́ rẹ̀. Òjé ni wọ́n ń pò mọ́ omi mímu wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fi iṣan àti ọpọlọ ṣe.

Ohun tí wọ́n rí kò le jù fún ọmọdé láti lóye. Ara iṣan kún fún àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín tí iyọ̀ ara ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde, ibẹ̀ sì ni ọpọlọ ń gbà rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́. Òjé a wá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn náà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Bó bá pẹ́, ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iyè a sì máa ra.

Lẹ́yìn eku ló kan ènìyàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fi òjé yíyọ́ jẹun, wọ́n sì tún nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òjé kò kàn rárá, kí wọ́n lè fi èkíní wé èkejì. Àṣà yàrá ìwádìí wọn ni pé kí olúkúlùkù mú ará ilé rẹ̀ wá fún èyí, nítorí ta ni èèyàn tún lè bẹ̀ tí kò ní béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣe? Dókítà Eku mú ìyá rẹ̀ wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ẹ̀jẹ̀ náà, òun ló sì lẹ nọ́ńbà kẹtàdínlógún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ kan òjé nílé wọn, ó ní rárá. Lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jìnnà sílé, ìyá wọn kò sì débẹ̀ rí. Irọ́ ọ̀hún kò jọ irọ́ lójú rẹ̀ nígbà náà, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ wò tí wọ́n bá òjé rẹpẹtẹ nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí ẹni náà bá ń ṣàìsàn ńkọ́?"

"O mọ òfin. A kì í wá ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ kiri. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó mú un wá ló parọ́ fún wa." Ìgbà yìí ló tó yíjú sí i. "Àbí o mọ̀ ọ́n ni?"

Bó bá ní òun mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. "N ò mọ̀ ọ́n, sà," ló wí, ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìka kan ṣoṣo yọ ìyá rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Nígbà tó délé, ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ìyá rẹ̀ nídìí abọ́ ìfọṣọ. Ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbọ̀n, kí eruku ara rẹ̀ lè dà nù kó tó tì í bọmi, bó ti máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Eruku náà bò ó lójú. Àìmọye ìgbà ni Dókítà Eku ti rí i bẹ́ẹ̀ tó kí i, tó sì kọjá sínú ilé lọ jẹun. Inú bí i sí ara rẹ̀ gan-an.

"O tètè dé lónìí," ni ìyá náà wí. "Ṣé àwọn aláìsàn ẹ ti sùn ni?"

"Ìyá, ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀."

Ó jókòó tì í, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, látorí eku dé orí eruku ṣòkòtò. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò ti lè de bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́, ó sì ti gbà pé ara tó ń dàgbà ni.

"Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ," ló wí.

"Ìyá, báwo ni mo ṣe máa…"

"Mo ní má sọ fún un. Bátìrì yẹn ló fi rán ẹ nílé ìwé tó o fi dẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Bó bá gbọ́ pé òun lòun ń pa mí, kí lo rò pé ó máa fi ara ẹ̀ ṣe? Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, mo lè bá a gbé. Ìbànújẹ́ tiẹ̀ ni n ò lè rù."

"Ẹ ó wá máa fọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo máa ní ẹ̀yìn ń dùn mí, n ò lè fọṣọ mọ́. Arúgbó kì í wá àwáwí tì."

Dókítà Eku kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ọ̀gá ní kó má wá ẹni náà kiri. Ó wá ẹni náà rí, ẹni náà ní kó panu mọ́. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Wọn kò tíì dìde nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà wọlé dé. Ọkùnrin gìrìpá ni, ọlọ́yàyà, ó sì mú ìgò oògùn kan lọ́wọ́.

"Ìyá, wọ́n ní eléyìí dáa fún ọwọ́ gbígbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n bù ú fún yín." Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó jù ú lé ṣòkòtò tó wà nílẹ̀, ó lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀, ó ń da oògùn sínú síbí. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ìdajì oògùn náà dà sílẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé òun náà ti ń di arúgbó.

Dókítà Eku wo ojú ìyá rẹ̀. Ojú náà ń bẹ̀ ẹ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ gbé oògùn yẹn kalẹ̀," ló wí. "Òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ Ìyá. Ara aṣọ iṣẹ́ yín ló ti ń bá wọn." Ó tọ́ka sí ọwọ́ tó fi di síbí mú. "Ó ti wà lára ẹ̀yin náà."

Ẹ̀gbọ́n náà rọra dìde, ó ń fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó fẹ́ fi ọwọ́ nu ojú, ó rántí ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀hún, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni ìyá náà wí fún ọmọbìnrin rẹ̀. "Ṣé o rí ohun tí mo wí fún ẹ?"

"N ò níṣẹ́ míì," ni ẹ̀gbọ́n náà wí.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá mi."

"Àwọn méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn náà."

"Ṣé wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwa wò níbi iṣẹ́ yín?"

Dókítà Eku ronú kan Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ronú kan ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde lówùúrọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. "Gbogbo wa la ó jọ lọ lọ́la. Ẹ kàn jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá wọlé lọ bá ọ̀gá mi, kí n sọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ fún un."