Ìbéèrè Àsúmáù Níbi Àpérò Yúróòpù

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àsúmáù gbé wá sí gbọ̀ngàn àpérò lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, ní Peckham ti London, ló ti ń tún un sọ lábẹ́ ẹnu: ṣé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa padà sínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù láìpẹ́, àbí kò ní padà?

Òṣèlú lè jẹ́ ohun tó gbé ẹlòmíràn wá síbẹ̀. Ní ti Àsúmáù, ọ̀rọ̀ ilé ni. Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ wà ní Brescia, nílẹ̀ Ítálì, níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ gbé, tí wọ́n ti bí àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n sì ti gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ń dàgbà, wọ́n fẹnu kò pé kí ìyá kó wọn wá sí London kí wọ́n lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kí bàbá sì dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ irin. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà ní Peckham ló ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì nira rárá nígbà náà. Tàjùdéèn á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, á bá wọn jẹun lọ́jọ́ Sátidé, á padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló wá ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Ìṣọ̀kan náà, nǹkan yí padà. Wọn ò ní kó má wá mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ní pápá ọkọ̀ òfuurufú: ta lẹ wá kí, ọjọ́ wo lẹ máa padà? Tàjùdéèn kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn kí wọ́n máa bi òun léèrè bí òun bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyàwó òun. Ó dín wíwá kù. Àsúmáù sì ń pẹ̀tù sí i nínú látorí fóònù: "Ẹ ní sùúrù, Dádì Rahmah. Wọ́n máa padà. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé wọ́n máa padà."

Ní báyìí, Rahmah tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ti ríṣẹ́ sí Leeds, ó ti kó lọ. Kò sí ọmọ kankan nílé mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ àpérò náà ni Tàjùdéèn wá pè.

"Ìyá Rahmah, ilé oníyàrá méjì kan ṣófo nítòsí mọ́ṣáláṣí wa. Onílé fẹ́ gbọ́ èsì lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ òní. Tó o bá ń bọ̀, màá gbà á. Tó ò bá bọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn bọ́ìsì tí a jọ ń gbé ti tó mi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tún sọ fún mi pé kí n ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dì mọ́ Àsúmáù láyà. Tó bá lọ, tó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí òfin ṣe fàyè gbà, ẹ̀tọ́ tó ní láti máa gbé ní London lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sì máa padà, kí ló dé tí òun ò fi ní dúró díẹ̀ sí i?

Hameedah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó, ló sọ fún un nípa àpérò náà. "Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ Yúróòpù dunjú ló máa sọ̀rọ̀," ni Hameedah wí. "Gbogbo ènìyàn ló lè béèrè ohun tó bá wù ú. Lọ bi wọ́n, kó o sinmi àròjù."

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn méjì ló jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú alága: Ọ̀mọ̀wé Ọlágòkè, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ni ní yunifásítì, àti òyìnbó onírùngbọ̀n kan tó ti bá àjọ Yúróòpù ṣiṣẹ́ rí. Alága ni Bernice, obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òwò, nípa ogun, nípa àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tọrọ àyè láti wọlé. Nígbà tó kan àwọn èrò, Bernice ní ìṣẹ́jú kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní.

Àsúmáù na ọwọ́ sókè. Wọ́n gbé máìkì fún un.

Ó dìde, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé tó ti ń lọ láti kékeré. Ó kí alága. Ó kí àwọn àgbà tó wà lórí pèpéle, ó dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kí àwọn tó wà níjòkòó, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú kálukú débẹ̀ láyọ̀, ó sì gbàdúrà pé bí wọ́n ṣe wá náà ni wọ́n máa padà délé. Ó kí àwọn tó po tíì. Ó tọrọ àforíjì pé òun ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ju òun lọ. Bó ṣe ní "Ìbéèrè mi ni pé", Bernice gbé ọwọ́ sókè.

"A dúpẹ́ gan-an fún ọ̀rọ̀ dídùn yẹn," ni Bernice wí. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti gba máìkì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsúmáù jókòó. Hameedah ń fi ìborí bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ síta.

"O ò kí àga," ló sọ lẹ́bàá etí rẹ̀. "Àwọn àga ń bínú."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣé kí n kàn dìde bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé?"

"Ìwọ jókòó, jẹ́ kí èmi tí wọn ò kọ́ nílé dìde."

Kí Àsúmáù tó lè fa aṣọ rẹ̀, Hameedah ti wà lórí ìdúró. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi yìí lọ́kọ ní Ítálì. Ó ti ń dúró kí ẹ padà sínú Yúróòpù kí ọkọ rẹ̀ lè máa wá bíi tàtijọ́. Ṣé kó máa dúró ni, àbí kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́? Ó yá, ẹ dá a lóhùn."

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí Àsúmáù. Ó wo ilẹ̀. Ìtìjú mú un débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

Onírùngbọ̀n ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá yìí gan-an ló fi hàn pé ìlú gbọ́dọ̀ padà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ ẹ. Ó ní bóyá ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀mọ̀wé Ọlágòkè mi orí. "Ọdún mẹ́wàá kẹ̀? Ọ̀rọ̀ owó yúrò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnubodè ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ogún ọdún, ìyẹn tí wọ́n bá gbà wá."

"Ó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká fi sí méjìlá."

"Méjìlá kéré. Ó kéré tán, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Àsúmáù gbé ojú sókè. Wọ́n ń ná ọdún náà bí àwọn obìnrin ṣe ń ná ẹja lójú títì níta yẹn, ẹnì kan ń fà á sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n òun àti Tàjùdéèn ló ni ọdún tí wọ́n ń ná. Tàjùdéèn ti lé ní ọgọ́ta, orúnkún ti ń dà á láàmú. Èyí tó kéré jù nínú ọdún wọn ti pọ̀ jù fún un. Ìtìjú náà rọra kúrò lójú Àsúmáù.

Nígbà tí wọ́n sinmi láti mu tíì, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí níbi àpérò tó o sọ fún mi láàárọ̀?" ni Tàjùdéèn béèrè.

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Fún kí ni?"

"Mo kí wọn."

Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. O kí wọn títí wọ́n fi sùn. Ṣé wọ́n máa padà?"

"Wọn ò mọ̀, Dádì Rahmah. Wọ́n ń sọ ogún ọdún, wọ́n ń sọ mẹ́wàá." Ó yí ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn. "Ẹ gba ilé náà."

Àsúmáù gbọ́ tí Tàjùdéèn fa àga jókòó.

"Ṣé o rò ó dáadáa? London ńkọ́? Tí ẹ̀tọ́ tó o ní níbẹ̀ bá bọ́ ńkọ́?"

"Tó bá bọ́, màá máa wá kí àwọn ọmọ bí àlejò, kí wọ́n máa bi èmi náà léèrè. Ó ti tó kí n bọ̀."

"Ilé náà wà lókè pátápátá o. Àtẹ̀gùn ni."

"Pẹ̀lú orúnkún yín? Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ wo ilé tó wà lókè?"

"Òun ló ní kíṣìnnì tó fẹ̀. Mo rò pé ìyẹn lo máa kọ́kọ́ béèrè."

Hameedah yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, bisikíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Rahmah, wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ apá kejì o. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè ló kàn."

"Máa wọlé lọ," ni Àsúmáù wí. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé fóònù padà sétí. "Ṣé fèrèsé wà nínú kíṣìnnì ọ̀hún?"