Ojú Tí Kò Nílò Okùn

Ojú-Òṣùwọ̀n di ojú òsì, ó la ti ọ̀tún sílẹ̀, ó lóṣòó, ó sì ń wo férémù, egungun irin alùpùpù náà, láti ẹ̀yìn lọ síwájú bí ẹni tó ń yọjú wo yàrá onílé. Orúnkún rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Kò dìde. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n sì ń wò ó. Kì í sì í dìde nígbà tí wọ́n bá ń wò ó.

"Ó tọ́," ló wí.

Bó ṣe máa ń wí nìyẹn láti ọgbọ̀n ọdún wá. Bí alùpùpù bá ṣubú, okùn ni àwọn mẹkáníìkì yòókù fi ń wọn férémù rẹ̀: wọ́n á yí i mọ́ táyà ẹ̀yìn, wọ́n á fà á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé ọ̀dọ̀ táyà iwájú, wọ́n á wá wò ó bóyá àlàfo tọ̀tún àti tòsì dọ́gba. Òun ní tòun, ewúrẹ́ ló mọ̀ pé wọ́n ń fi okùn dè. Ó ti ní kí ayàwòrán ya ojú ńlá kan sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú tó mọ́lẹ̀ kedere, tó sì dára ju méjì tó wà lórí rẹ̀ lọ.

Agbẹ̀bí tó ni alùpùpù jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó fi aṣọ gbé apá òsì kọ́rùn. Àná ló ṣubú ní kọ́nà odò, nígbà tó ń sáré lọ gbẹ̀bí. Láti àárọ̀ ni Ojú-Òṣùwọ̀n ti tú táńkì àti ìjókòó, ó yọ fọ́ọ̀kì tó gbé táyà iwájú dúró, tó ti tẹ̀, ó sì fi fọ́ọ̀kì àti táyà mìíràn síbẹ̀. Férémù nìkan ló kù tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá tọ́, obìnrin náà yóò tún gùn ún gba kọ́nà odò kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni agbẹ̀bí wí, ṣùgbọ́n kò dìde. "Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀. Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá mi fọwọ́ ra èjìká."

"Àná lẹ fi èjìká ṣe léṣe?"

"Rárá, ti èjìká ti pẹ́. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣubú, tí mo gbé e wá, tí ẹ ní férémù ò ṣe nǹkan kan? Láti ọjọ́ náà lọwọ́ mi ò ti tọ́ mọ́. Bí mo bá ti di háńdù mú, òsì ni mò ń yà sí. Àfi kí n máa fà á sọ́tùn-ún títí n ó fi délé aláboyún. Oṣù mẹ́rin rèé tí wọ́n ti ń bá mi fọwọ́ ra èjìká." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọkọ mi ní kí n yẹ alùpùpù wò. Mo ní, èwo? Èyí tí Ojú-Òṣùwọ̀n fojú ara rẹ̀ wò?"

Ẹ̀rín náà ló bá Ojú-Òṣùwọ̀n níbi tó ń dùn ún.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó di ojú òsì: férémù tọ́. Ó ṣí òsì, ó di ọ̀tún: férémù tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíràn ló tọ́ lọ.

Ó dìde, ó fẹsẹ̀ wọ́ kọjá títì lọ bá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kó tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ojú-Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀ nípa férémù kankan láìna okùn sí i.

"Yá mi lókùn."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wò ó. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ọ̀gá?"

"Mo fẹ́ fi sá aṣọ."

"Á tètè gbẹ. Oòrùn mú." Ó yọ okùn lára ìṣó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìbá rẹ́rìn-ín, ìbá sàn.

Gbogbo àdúgbò ló rí Ojú-Òṣùwọ̀n níbi tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún táyà ẹ̀yìn. Ó yí okùn, ó fà á le. Lọ́tùn-ún, okùn fi ìka méjì jìnnà sí táyà iwájú. Lósì, ó fara kàn án.

Ó wá sáńpépà, ó ha ọ̀dà kúrò lára ọrùn férémù, níbi tí fọ́ọ̀kì ti wọ inú rẹ̀. Ìlà kan yọ, tín-ín-rín bí irun. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń funfun nínú. Èyí pupa, ìpáàrà ti jẹ ẹ́ wọnú. Kì í ṣe àná ló là. Ọ̀dà tó sì bò ó, òun ló kùn ún níjọ́sí, lọ́fẹ̀ẹ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dán lójú títì.

Agbẹ̀bí ti ń tòògbé. Èèyàn lè fi iná jó ojú ibẹ̀ pọ̀ ní ìdajì wákàtí, kó kun ọ̀dà lé e, kí obìnrin náà jí, kó tún dúpẹ́. Láti òdìkejì títì, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò lè rí àwọ̀ ìpáàrà. Ojú-Òṣùwọ̀n gbé agolo ọ̀dà, ó mì í. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé e kalẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì. Ẹ wá wo nǹkan."

Ó fi hàn án. "Kì í ṣe èjìká yín. Ibí yìí ti là látìgbà náà. Mi ò rí i, mo sì kun ọ̀dà lé e."

Obìnrin náà fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ padà. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bá èjìká mi jà," ló wí, bí ẹni tó ń bá èjìká náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ṣé ẹ máa jó o ni?"

"Jíjó nìkan ò lè mú un. Màá gé ọrùn yìí dànù, màá fi ti férémù mìíràn rọ́pò rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò wọ̀n ọ́n kí n tó jó o, òun náà ni yóò tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gùn ún bí kò bá tíì sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà mi orí pé òun gbọ́. Kò dúpẹ́. Ó gba ọ̀nà ilé lọ, ó ń rọra yí èjìká rẹ̀ wò.

Ojú-Òṣùwọ̀n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣíwọ́, alùpùpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún títì. Aránṣọ kan gun alùpùpù tí Ojú-Òṣùwọ̀n ti bá a fojú wò kọjá, ó fi ara rọ̀ sọ́tùn-ún bí ẹni tó gbé garawa omi. Ó kí i, òun náà gbé ọwọ́ sókè. Oníbúrẹ́dì, oníbàárà rẹ̀ mìíràn, tẹ̀ lé e. Ọ̀tún lòun náà rọ̀ sí. Ó ti pẹ́ tí Ojú-Òṣùwọ̀n ti máa ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé àwọn ará ìlú yìí ò mọ bí a ṣe ń jókòó dáadáa.

Ẹni kẹta ń bọ̀, èjìká kan ga ju èkejì lọ. Ojú-Òṣùwọ̀n di etí bẹ́ńṣì mú, ó dìde, ó lọ dúró sétí títì, ó sì na ọwọ́ láti dá a dúró.